Iṣẹ́ Ẹrú, Iṣẹ́ Ọmọ: Ọ̀sẹ̀ Méjì Láàrin Àwọn Róbọ́ọ̀tì Milton Keynes

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Milton Keynes ni àǹtí mi ké sí mi láti inú yàrá pé, "Jọ̀ọ́, bá mi ṣílẹ̀kùn, ẹni tí mo rán níṣẹ́ ti dé." Mo ṣílẹ̀kùn, n kò rí ẹnì kankan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Òjò wínniwínni ń rọ̀, ojú ọ̀nà sì dá páropáro. Ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo tó rí i: àpótí funfun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún mi lọ, táyà mẹ́fà ni ó ní, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀ tí àsíá kékeré wà lórí rẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà bí ọmọ tí a rán lọ sí ọjà, tí ó ń retí kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún òun.

"Àǹtí, róbọ́ọ̀tì ni o."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mo rán."

Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ fóònù rẹ̀, ìdérí àpótí náà sì ṣí. Búrẹ́dì, mílíìkì, ẹyin mẹ́fà àti tòmátò ni ó wà nínú rẹ̀. A kó wọn jáde, a dé e padà. Bí àpótí náà ti yí ẹ̀yìn padà tí ó ń lọ, àǹtí mi, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, sọ fún un pé, "O ṣeun o. Máa rọra lọ." Kò sọ pé "ẹ ṣeun" bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "O ṣeun" ni ó sọ, bí a ti ń sọ fún ọmọdé inú ilé.

N kò lè fi pamọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà gún mi lára díẹ̀. Ní Ìbàdàn, nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi yìí ni mo gbé fún ọdún mẹ́ta kí ó tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Èmi ni ó máa ń rán. Lọ ra iyọ̀ wá. Gbé ọbẹ̀ yìí lọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì. Lọ wo bóyá iná wà ní ilé kejì. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún un, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní Skọ́tíláǹdì, mo sọ nínú ara mi pé màá lọ jẹ́ ẹsẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n tó dé, ó ti rí ẹlòmíràn rán.

Ìdí nìyí tí mo fi lo ọ̀sẹ̀ méjì náà láti máa wo àwọn àpótí wọ̀nyí. Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn àti ẹ̀rọ ṣe ń pín iṣẹ́ kan ṣe, àti bóyá lóòótọ́ ni wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín mọ ìlú náà, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ ti róbọ́ọ̀tì náà kí a má sọ ti ilẹ̀ tí ó ń rìn. Milton Keynes wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 1967 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé wọn yóò tẹ̀ ẹ́ dó gẹ́gẹ́ bí ìlú tuntun, kí àwọn tí ilé há mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ibi gbé. Ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì lórí ìtẹ́, ni wọ́n tó sọ ọ́ di ìlú ńlá ní ti òfin. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi ìlú náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọnkéré ni màlúù rẹ̀ pàápàá, nítorí pé agbo màlúù kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n fi kọnkéré mọ ní 1978, tí wọ́n sì di àmì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí ó yàwòrán ìlú náà fi títì ńláńlá gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹni gé àkàrà òyìnbó. Àwọn títì tí ó lọ ní ìbú ń jẹ́ H, àwọn tí ó dá wọn kọjá ń jẹ́ V, nọ́ńbà sì tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé, ráńdábáòtì ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù ni ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n pè é ní Redway nítorí àwọ̀ pupa rẹ̀, gígùn gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì ju 300 kìlómítà lọ. Ó ń gba abẹ́ títì ńlá kọjá tàbí ó ń gba orí afárá, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè ti ilé rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù láìbá ọkọ̀ já ọ̀nà gbà.

Ní 1970 sí òkè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó ní róbọ́ọ̀tì lọ́kàn. Ọmọ ilé ìwé àti ìyá ọmọ ni wọ́n là á fún. Àmọ́ nígbà tí àwọn tí ó ṣe àpótí oníkẹ̀kẹ́ yìí ń wá ibi tí yóò ti rìn, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ni ó bá a mu jù lọ. Kí róbọ́ọ̀tì tó gbọ́n rárá, ọ̀nà ti bá a gbọ́n sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Starship Technologies ni ó ni àwọn róbọ́ọ̀tì náà. Ahti Heinla àti Janus Friis, àwọn méjì tí ọwọ́ wọn wà nínú ìdásílẹ̀ Skype, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2014, Tallinn tí í ṣe olú-ìlú Estonia sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Láti 2018 ni wọ́n ti ń jíṣẹ́ ní Milton Keynes, tí wọ́n ń gbé ẹrù oúnjẹ láti ṣọ́ọ̀bù Co-op lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní 2020, iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i gidigidi.

Ìṣe wọn kò ní àràmàǹdà nínú. Ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan yóò yàn án lórí fóònù, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yóò kó o sínú àpótí, àpótí yóò sì gbéra. Kò lè yára ju kìlómítà mẹ́fà lọ ní wákàtí kan, ìyẹn bí ẹni tí ó ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ó ní kámẹ́rà yí ara rẹ̀ ká, ó ní rádà, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń rán ìró jáde kí ó lè mọ̀ bí nǹkan bá wà nítòsí, bí àdán ti ń ṣe lóru. Àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà wà nínú rẹ̀. Ibi tí kò bá ti dá a lójú, ènìyàn kan tí ó jókòó sí ibòmíràn lè fi ojú kámẹ́rà rẹ̀ wo ọ̀nà, kí ó sì tọ́ ọ sọ́nà. Nítorí náà, àpótí tí ó dà bí ẹni dá rìn kò dá rìn rárá. Ẹni tí ó kó ẹrù sínú rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ wà ní òkèèrè, ẹni tí yóò gba ẹrù wà níwájú.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà ńkọ́, àwọn tí kò bá a ṣe àdéhùn kankan?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, èmi àti ọ̀kan nínú wọn ṣe kòńgẹ́ ní ibi tí ọ̀nà ti fún, lẹ́bàá abẹ́ títì. Ó ń bọ̀, mò ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, ojú nìkan tó. Èmi yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo tèmi, ọ̀kan nínú wa yóò yà díẹ̀, a ó kí ara wa, ó parí. Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni láìkí i, "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" sì ti dé ètè mi kí n tó rántí pé àpótí ni. Mo dúró. Òun náà dín ìrìn kù, ó dúró. Mo yà sí apá òsì. Ó dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá òun lójú, lẹ́yìn náà ni ó kọjá jẹ́jẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n bọ́ fìlà fún un.

Mo ròyìn rẹ̀ fún àǹtí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ni o ń dà á láàmú. Má dúró, má sáré, má ta gìrì. Máa rìn bí o ti ń rìn, yóò yà fún ọ."

Mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti hàn sí mi. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ mí, kò sì mọ ohun tí mò ń rò. Ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí ìgbésẹ̀ mi tí ó kàn ṣe é mọ̀ láti ara èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ohun kan náà ni èmi ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dúró, kí ó jẹ́ kí n rí i pé ìrìn rẹ̀ ń dínkù. Bí ó bá fẹ́ yà, kí ó ti òkèèrè yà. Kò ní ojú tí mo lè wò, ìrìn rẹ̀ ni ojú rẹ̀.

Ẹ wo ẹni méjì tí ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Bí ọmọ odó ti ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń béèrè pé ṣé ó ti kàn mí. Dídún odó náà ni ó ń sọ fún wọn. Ẹni tí ó bá sì ṣàdédé yí bí ó ṣe ń gún padà láìfi àmì hàn, igi yóò lu igi, iyán yóò fò síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláàárù ọjà Bódìjà tí ó gbé àpò ìrẹsì lérí. Kò lè wo ẹ̀gbẹ́, kò lè dúró, ṣùgbọ́n igbe "Àgò o! Ẹ yàgò lọ́nà!" tí ó ń ké ti sọ fún gbogbo ọjà ibi tí ó ń lọ àti pé ẹrù rẹ̀ wúwo. Ọjà á là fún un. Dídúró díẹ̀ tí àpótí funfun yẹn dúró kí ó tó kọjá lára mi, àgò rẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Àwọn tí ń gúnyán mọ̀ pé iyán ni àwọn ń gún, wọ́n sì mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Àpótí náà mọ ọ̀nà. Kò mọ ẹni tí ebi ń pa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn akólẹ̀kódọ̀tí ń bọ̀ ni mo rí èyí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ìrìn àjò náà. Gbogbo ilé ti gbé garawa ìdalẹ̀nù onítáyà wọn síta láti alẹ́. Atẹ́gùn ti taari ọ̀kan, ó sì ti dábùú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pátápátá. Róbọ́ọ̀tì kan dé ibẹ̀, ó dúró. Èmi àti àǹtí mi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo ti fẹ́ wọ bàtà nígbà tí ọmọkùnrin kan jáde láti ilé tí ó ṣìkejì tiwa, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó sì gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ó wo garawa náà, ó wo róbọ́ọ̀tì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì yí garawa padà sí àyè rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì náà fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dúpẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà juwọ́ sí i, òun náà gba ọ̀nà ilé ìwé lọ.

Àǹtí mi ní, "Ọmọ ta nìyẹn?"

Ọdún kẹrin rẹ̀ nínú ilé náà nìyẹn, kò mọ̀.

Nígbà tí mo kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé kì í ṣe ọmọ náà nìkan. Àwọn onímọ̀ kan ti fi kámẹ́rà tọ ẹsẹ̀ irú àwọn róbọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ ní ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n sì kíyè sí ni iye iṣẹ́ kékeré tí àwọn ará ọ̀nà ń ṣe fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan á yà, ẹnì kan á fa ajá rẹ̀ mọ́ra, ẹnì kan á dẹsẹ̀ dúró kí ó kọjá. Nígbà tí yìnyín bá bọ́, ìròyìn máa ń jáde nípa àwọn tí wọ́n rí èyí tí ó há, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tì í jáde. Kò sí ẹni tí ń san owó fún iṣẹ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, bí a bá yọ wọ́n kúrò, búrẹ́dì kò ní tètè dé ilé àǹtí mi.

Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè yà. Ní ọdún 2019, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara rìn ké gbàjarè pé róbọ́ọ̀tì kan dúró sí ibi tí títì ti dẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí kẹ̀kẹ́ òun lè gbà gòkè, nígbà tí òun ṣì wà lójú títì tí ọkọ̀ sì fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹ̀rọ náà dúró nítorí kí ó má ba à kọlu ẹnikẹ́ni. Ìdúró rẹ̀ gan-an ni ó di ewu. Ohun tí ó jẹ́ "àgò" létí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lè di ìdènà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo ka èyí fún àǹtí mi, ó wo ọ̀pá rẹ̀ tí ó fi ti ara ògiri, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bletchley, tí kò ju ibùdókọ̀ kan sí àárín ìlú. Ìlú àtijọ́ ni, Milton Keynes ni ó dàgbà bò ó. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Bletchley Park. Níbẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àṣírí ìfiránṣẹ́ àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ti ka orúkọ Alan Turing rí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ìtàn iṣẹ́ àjọṣe ènìyàn àti ẹ̀rọ ni n ó bá níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bombe, tí Turing pilẹ̀ rẹ̀ tí Gordon Welchman sì tún un ṣe. Àwọn ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ méfò pé ọ̀rọ̀ báyìí ni ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú ìfiránṣẹ́ náà. Wọn yóò to ẹ̀rọ náà ní ìbámu pẹ̀lú ìméfò wọn, ẹ̀rọ yóò sì máa yí, tí yóò máa ta gbogbo ètò tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ nù. Nígbà tí ó bá kan èyí tí kò rí ìdí láti ta nù, yóò dúró. Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni. Obìnrin kan, láti inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọmọ ogun ojú omi tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ni yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, wọn yóò tún un yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì já sí òfo. Ẹ̀rọ kò mọ òótọ́, irọ́ tí ó hàn gbangba nìkan ni ó lè tètè dá mọ̀. Ènìyàn kò lè yára tó o, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944 ni ẹ̀rọ tí ó tún ju ìyẹn lọ dé, Colossus, tí Tommy Flowers, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ṣe. Ó lè ka lẹ́tà 5,000 lórí bébà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ogun fi parí, mẹ́wàá ni wọ́n ní. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ogun ojú omi náà ni wọ́n ń tọ́jú wọn, ọ̀sán àti òru, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ogun. Ó tó ọdún 1970 sí òkè kí àṣírí náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ àwọn ọkùnrin tí ó ṣe é ni ayé kọ́kọ́ mọ̀. Orúkọ àwọn tí ó dúró tì í lóru kò tètè hàn.

Mo dúró níwájú àwòkọ ẹ̀rọ náà, ọkàn mi sì padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó yí garawa padà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "róbọ́ọ̀tì", ní ìtàn. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ọmọ Czech, ni ó mú un wọ ayé nínú eré oníṣe rẹ̀ tí ń jẹ́ R.U.R. ní 1920. Àbúrò kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Josef, ni ó dá a lábàá fún un. Inú ọ̀rọ̀ èdè wọn, "robota", ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn iṣẹ́ túláàsì tí aláìní ń ṣe fún olówó ilẹ̀. Ní kúkúrú, iṣẹ́ ẹrú.

Àwọn àgbà wa sì ní òwe kan lórí iṣẹ́ ẹrú. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo wa ni a gbọ́ òwe yìí dàgbà, mo sì ti rò tẹ́lẹ̀ pé sùúrù ni ó ń kọ́ wa. Ní Milton Keynes ni mo tó rí apá kejì rẹ̀. Ẹrú ń jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́. Ọmọ ń fi làákàyè tirẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá rán ọmọ lọ ra iyọ̀ fún aládùúgbò, tí ó bá aládùúgbò náà lórí àìsàn, kì í gbé iyọ̀ sílẹ̀ kí ó máa lọ. Yóò sáré padà wá sọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àǹtí mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Bletchley dé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó fi tọ́jú àwọn arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ràn àpótí yẹn. Kì í pẹ́, kì í kanra, kì í jẹ́ kí n bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí orúnkún yìí ṣì wú, òun ni kò jẹ́ kí ebi pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ màmá arúgbó kan, mo máa ń wo búrẹ́dì ti àná. Bí kò bá tíì bù ú, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èyí gbé búrẹ́dì wá fún mi, kò béèrè bóyá mo jẹ tàná."

N kò rí èsì fọ̀. Èmi náà kò béèrè fún bí ọdún méjì, àfi orí fóònù.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè bóyá ènìyàn àti róbọ́ọ̀tì gbọ́ ara wọn yé, ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àpótí náà lè rìn nínú òjò láìṣàárẹ̀, kí ó sì dé bí ó ti wí. Ó ń jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, ó sì ń jẹ́ ẹ dáadáa. Àwọn tí ó yí i ká ni ó ń fi tọmọ kún un: òṣìṣẹ́ tí ó to ẹyin sókè kí ó má fọ́, ẹni tí ń ṣọ́ ọ ní òkèèrè, ọmọ ilé ìwé tí ó yí garawa padà. Níbi tí àwọn wọ̀nyí bá wà, iṣẹ́ náà á gún. Níbi tí a bá ti rò pé ẹ̀rọ nìkan tó, búrẹ́dì á dé, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò wo ti àná.

Mo ti ro ó wò bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rìn ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Ọjọ́ọ̀. Kòtò ìdọ̀tí tí kò ní ìdérí, ọlọ́kadà tí ó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, oníṣu tí ó tẹ́ àtẹ sí àárín ọ̀nà. Kò lè jìnnà. Ìlú tirẹ̀ ti múra sílẹ̀ dè é ní àádọ́ta ọdún kí ó tó dé. Àmọ́ apá tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, èyí tí kò sí nínú àpótí, ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. A mọ bí a ṣe ń yàgò. A mọ bí a ṣe ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, tí kì í sì bínú.

Lọ́jọ́ tí ó ku ọ̀la kí n padà, mo dín ṣinṣín-in, mo bù ú sínú ike, mo sì kan ilẹ̀kùn ilé tí ó ṣìkejì. Ìyá ọmọ náà ni ó jáde. Mo sọ fún un pé àǹtí mi ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pé ó rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí n kí wọn. Ó yà á lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ike náà. Ọ̀rọ̀ wa kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dé ilé, mo pe àǹtí mi ní fóònù. Mo béèrè orúnkún, ó ní ó ń sàn. Mo béèrè bóyá ó jẹun, ó ní àpótí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ó wá ní, "Ọmọ yẹn dá ike wa padà. Mo ní lẹ́tà kan nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, mo ní kí ó bá mi jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ó wà ní orígun."

Mo ní, "Ṣé ó jẹ́ ẹ?"

"Ó jẹ́ ẹ. Ó sì tún padà wá sọ fún mi pé òun ti jù ú sí i."